Ẹsẹ̀ Méje Sẹ́yìn

Ní ọjọ́ kẹsàn-án ìrìn wọn ni òjò tó dá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dúpẹ́. Aṣọ tó ti lẹ̀ mọ́ èèyàn lára fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ìgbà tó bá ń gbẹ gan-an ló máa ń dunni, torí ìgbà náà ni yóò máa ha gbogbo ibi tó ti bó. Atẹ̀wé ń wo ẹsẹ̀ ẹni tó wà níwájú rẹ̀, ó sì ń gbé tirẹ̀ tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ tó ń ṣe láti oṣù mẹ́rìnlá nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé báwo ni ogun ṣe rí, ẹ̀yìn bàtà ẹni iwájú ni ì bá júwe.

Ẹni iwájú náà ni Bíríkìlà. Nínú ọ̀wọ́ àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kì í jẹ́ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Sájẹ́ǹtì ló fòfin dè é lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó ní orúkọ ilé máa ń mú ọkàn èèyàn padà sílé, ọkàn tó bá sì ti padà sílé, ara kì í pẹ́ kó tó gba ọ̀nà ọ̀run lọ. Nítorí náà, iṣẹ́ tí oníkálukú ń ṣe kí wọ́n tó kó wọn ni wọ́n fi ń pè é. Atẹ̀wé ń to lẹ́tà òjé ní ilé ìtẹ̀wé kan. Ẹni tó ń ta kẹrosínì ń jẹ́ Kẹrosínì, nígbà tó sì kú lóṣù kẹta, wọ́n wá ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀ gangan títí, wọn ò rí. Ní ti Sájẹ́ǹtì fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gbà pé iṣẹ́ ariwo ni.

Bíríkìlà ń lọ sí ogójì ọdún. Èjìká rẹ̀ ọ̀tún lọ sílẹ̀ ju ti òsì lọ, torí ibẹ̀ ló ti ń ru bíríkì láti kékeré, nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Kò mọ̀wé rárá, ṣùgbọ́n ó lè ka ilé. Bí wọ́n bá ń kọjá nínú ìlú tí ọta àgbá ti wó, tí àwọn yòókù ń gbójú kúrò lára òkú, ara ògiri ni òun máa ń wò. Á ní, "Ẹ wo èyí. Kì í ṣe àgbá ló wó o, wọ́n jí simẹ́ǹtì rẹ̀ ni." Bó bá wá rí ògiri kan tó dá dúró láàárín àwókù, á ṣí fìlà fún un, á sì bi àwọn yòókù bóyá wọ́n rí ohun tí òun rí. Wọ́n á ní àwọn rí i. Kò sí ohun tí wọ́n rí.

Sájẹ́ǹtì ló fún un ní oríkì. Bí ìrìn bá ti sú wọn, á gbóhùn sókè láti ẹ̀yìn:

"Bíríkìlà, ọmọ afokùn-wọnlé,
Amọ̀ ni ìyá ẹ, iyanrìn ni bàbá ẹ,
Ó kọ́lé ọgọ́rùn-ún, ìta gbangba ló ń sùn!"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ẹnu lásán ni. Nígbà tí à ń wí yìí, inú wọn ti kú. Kì í ṣe pé ọkàn wọn le o. Ohun tó ń dunni ló ti pọ̀ ju ibi tí yóò ti máa dunni lọ.

Ohun kan ṣoṣo wà tí Bíríkìlà kì í fi ṣeré. Bó bá parí ògiri, á fi ẹ̀yìn rìn ní ẹsẹ̀ méje, á di ojú òsì, á wá fi ojú ọ̀tún wo iṣẹ́ náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, pẹ̀lú okùn ìwọ̀n tó sọ̀ kalẹ̀ lára rẹ̀, tí wọ́n so òjé mọ́ ìdí rẹ̀. Bó bá tọ́, á sọ ọ́ sókè pé ó tọ́. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Bàbá náà ní ẹni tó rọ̀ mọ́ ògiri kò lè mọ̀ bóyá ó wọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fẹ́ obìnrin kò ṣe lè mọ ìwà rẹ̀ lọ́sẹ̀ ìgbéyàwó. Bíríkìlà ti ṣe é fún ilé ẹjọ́, ó ti ṣe é fún ilé dókítà, ó ti ṣe é fún ṣáláńgá. Ògiri kan péré ni kò ṣe é fún láyé rẹ̀, ògiri náà sì ni ti yàrá tí ìyàwó rẹ̀ ń sùn sí. Òwúrọ̀ ọjọ́ tó to bíríkì tó kẹ́yìn sí i ni ọkọ̀ àwọn ológun dé, tó ń fọn fèrè lójú títì. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò, ó sì gun ọkọ̀. Kò fẹ̀yìn rìn. Gbogbo ọ̀wọ́ ló ti gbọ́ ìtàn yìí tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé, bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, àwọn ni yóò parí rẹ̀ fún un.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin Kẹrosínì tán ni òun àti Atẹ̀wé jọ búra. Kò sí nǹkan ìbúra kankan níbẹ̀ ju ìbọn lọ. Wọ́n gbé ọwọ́ lé ẹnu ìbọn ara wọn tó ṣì gbóná, wọ́n ní ẹni tó bá yè nínú àwọn méjèèjì ni yóò kọ́kọ́ dé ilé ẹni tó kú kó tó dé ilé tirẹ̀.

"Kódà bí ìyá mi bá wà lẹ́nu ọ̀nà," ni Atẹ̀wé wí.

"Kódà bí wọ́n bá wà níbẹ̀," ni Bíríkìlà dá a lóhùn. "Máa kọjá lọ, àbúrò. Ìyá á dúró. Òkú kì í lè dúró pẹ́."

Lẹ́tà mẹ́ta ló dé láti ọwọ́ ìyàwó Bíríkìlà ní gbogbo àkókò náà, Atẹ̀wé ló sì kà wọ́n fún un, òun ló sì ń bá a kọ èsì padà. Alágbàfọ̀ ni obìnrin náà, lẹ́tà rẹ̀ sì gún régé bí aṣọ tó lọ̀. Nínú èkíní, ó ní ara òun le, iṣẹ́ ò yá bíi ti tẹ́lẹ̀ torí àwọn ọkùnrin tó máa ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun ti bá ogun lọ. Ní ìsàlẹ̀ ìwé, ó ní ògiri iwájú, èyí tó kọ́ kẹ́yìn, ti ń fì sójú títì díẹ̀. Bíríkìlà fi igi ya ògiri náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, ó ń wá ibi tí ọwọ́ òun ti ṣì í. Nínú èkejì, ó ní ìka méjì ti lè kọjá láàárín ògiri àti òrùlé. Sájẹ́ǹtì gbọ́, ó ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́, ṣé kì í ṣe aláǹgbá ló ti wọlé tì í báyìí? Ẹ̀rín pa gbogbo wọn, àfi Bíríkìlà. Ó ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà láàyè, ògiri mi ń wọ́." Láti ọjọ́ náà ló ti ń tọrọ ìsinmi lọ́wọ́ Kápítéènì, láti ọjọ́ náà ni Kápítéènì sì ti ń sọ pé ó di ọjọ́ mìíràn.

Ọjọ́ kẹsàn-án ìrìn yìí, nígbà tí wọ́n dé etí odò tí wọ́n ń lọ, ni lẹ́tà kẹta bá wọn. Wọ́n jókòó sínú ilé ìkẹ́rùsí kan tí òrùlé rẹ̀ ti ṣí. Atẹ̀wé kà á débi tí obìnrin náà ti ní ọ̀ràn ògiri ti wá burú, ó ti fì wọnú ilé, díẹ̀ ló kù kó kan tábìlì tí òun fi ń lọṣọ.

"Ka ibẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kejì," ni Bíríkìlà wí.

Atẹ̀wé tún un kà. Òun náà ti rí i, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tẹ̀wé fún onítẹ̀wé kì í ṣàtúnṣe sí ọ̀rọ̀ oníwèé. Bíríkìlà bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tòótọ́, èyí tí Atẹ̀wé kò gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni láti ọdún tó kọjá. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

"Àbúrò, ògiri kì í yí ọkàn padà," ni ó wí. "Èyí tó bá ń ṣubú lọ sójú títì, ojú títì ló máa ṣubú sí. Ògiri yẹn ò ṣe nǹkan kan."

Atẹ̀wé bi í pé kí ló wá dé tí ìyàwó rẹ̀ fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bíríkìlà ní ṣé kò mọ̀ pé àwọn ológun máa ń tú lẹ́tà wò ni. Obìnrin tó bá kọ ọ́ pé kí ọkọ òun máa bọ̀ nílé, iná ni wọ́n máa fi lẹ́tà rẹ̀ dá. "Ó ń pè mí ni," ni ó wí. "Ó mọ ohun tó lè fà mí. Má sọ fún Kápítéènì o. Níwájú Kápítéènì, ògiri ń ṣubú." Ó gba lẹ́tà náà, ó sì ká a sínú fìlà rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Kápítéènì pe ìgbìmọ̀. Ilẹ̀kùn kan tí wọ́n gbé lé àgbá òfìfo méjì ni tábìlì wọn. Atẹ̀wé dúró sí igun kan, torí òun ló ń kọ ohun tí ìgbìmọ̀ bá sọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro láti lóye. Afárá orí odò náà ti já láàárín. Àwọn ọ̀tá wà nínú àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó wà ní òdì-kejì odò. Ogun ńlá ń bọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ méjìlá láti tún afárá ṣe, àwọn káfíńtà tó máa tún un ṣe sì nílò ibi tí wọ́n á fara pamọ́ sí. Sájẹ́ǹtì ní kí àwọn gbẹ́ yàrà. Kápítéènì ní òun ti gbẹ́ ilẹ̀ náà wò, kò tó ìgbọ̀nwọ́ kan tí omi fi yọ. Àfi kí wọ́n mọ nǹkan sókè. Sájẹ́ǹtì béèrè pé ta ló ń mọ ògiri níwájú ẹnu ìbọn. Kọ́pùrà àgbàlagbà kan, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, sọ pé ìkùukùu máa ń bo odò náà láàárọ̀ títí oòrùn á fi là. Sájẹ́ǹtì rò ó títí, ó wá ní ó dáa, ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Kí wọ́n máa mọ ọ́n nínú ìkùukùu, kí wọ́n sì máa sá wọlé bó bá ti ń ká.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Bíríkìlà. Kápítéènì ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún un, Bíríkìlà sì dáhùn pé ṣíṣe ló wà, àpò iyanrìn nísàlẹ̀, bíríkì àwókù lókè, ọjọ́ mọ́kànlá. Lẹ́yìn náà ló ṣí fìlà kúrò lórí, ó ní òun tọrọ ọjọ́ méje láti lọ ilé, ògiri òun ń ṣubú.

Ó ti rẹ Kápítéènì. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì ti sin ọmọ ogun mọ́kànlélógójì.

"Mọ ògiri mi fún mi," ni ó wí, "kí o lọ mọ tìẹ. Mo fi ìbọn mi búra."

Báyìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ náà yá ju bí ẹnikẹ́ni ti rò lọ. Ẹni tó bá mọ Bíríkìlà ní kìkì ojú ọ̀nà kò mọ̀ ọ́n. Sísúnmọ́ni là ń mọ ìṣe ẹni. Níbi iṣẹ́, kì í pariwo, kì í tún ọ̀rọ̀ sọ. Ó fi èékánná kan bíríkì, ó gbọ́ ohùn rẹ̀, ó mọ èyí tí yóò gbé ẹrù àti èyí tí yóò ṣọ̀tẹ̀. Àwọn tó ti jẹ́ àkọ̀wé àti alásè ń gbé àpò fún un bí ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, àwọn ọ̀tá kàn yìnbọn sínú ìkùukùu láìríran, ọta kan bá ẹni tó ń gbá iyanrìn. Wọ́n gbé e kúrò, ẹlòmíràn mú ṣọ́bìrì rẹ̀. Atẹ̀wé ṣàkíyèsí pé òun jẹ búrẹ́dì òun ní àsìkò tó yẹ lọ́jọ́ náà, ó sì tán lẹ́nu òun.

Ibì kan ṣoṣo ni wàhálà wà. Ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ògiri náà ń ga bọ̀ bí àtẹ̀gùn. Ẹni tó bá rọ̀ mọ́ ògiri, ọ̀tá kò lè rí i. Ẹni tó bá fi ẹ̀yìn rìn kọjá ẹsẹ̀ mẹ́ta, orí àti àyà rẹ̀ ti yọ sókè ògiri, ojú fèrèsé àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì òdì-kejì ló sì kọ sí. Lójoojúmọ́, bí Bíríkìlà bá ti to ìlà tó kẹ́yìn fún ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Kò mọ̀ pé òun ń ṣe é. Sájẹ́ǹtì bú u, kò gbọ́. Nígbà tó yá, ó fi Atẹ̀wé tì í, ó ní iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kó di bẹ́líìtì Bíríkìlà mú láti ẹ̀yìn lọ. Bẹ́ẹ̀ ni Atẹ̀wé ṣe fún ọjọ́ mẹ́jọ. Bí bẹ́líìtì bá ti fà mọ́ ọn lọ́wọ́, á fà á padà, Bíríkìlà á ní, "Jọ̀ọ́, mo gbàgbé." Àwọn yòókù wá ń pe Atẹ̀wé ní ìyàwó kékeré.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kọkànlá, ògiri parí. Kápítéènì mú ìbúra rẹ̀ ṣẹ. Kí ìkùukùu tó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́lẹ́, ó ti fi ìwé ìsinmi ọjọ́ méje lé Bíríkìlà lọ́wọ́. Kẹ̀kẹ́ ẹrù tó máa ń kó oúnjẹ wá ló máa bá padà. Bíríkìlà kó ẹrù rẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́. Ó bọ Kápítéènì lọ́wọ́, ó kí Sájẹ́ǹtì, Sájẹ́ǹtì sì ki oríkì rẹ̀ fún un ní ohùn jẹ́jẹ́, ó yí ìparí rẹ̀ padà, ó ní ó kọ́lé ọgọ́rùn-ún, ó ń lọ sùn nínú ọ̀kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà lórí kẹ̀kẹ́ kó tó sọ̀ kalẹ̀, ó ní òun ń bọ̀, ohun kan péré ni.

Atẹ̀wé wà lára ògiri níbi tó ti ń ṣọ́. Bíríkìlà wá bá a, ó ń tú okùn ìwọ̀n rẹ̀.

"Bá mi di orí okùn yìí mú sókè níbẹ̀," ni ó wí. "Jẹ́ kí òjé ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀."

Atẹ̀wé mọ ohun tó fẹ́ ṣe. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi í sílẹ̀. Ògiri àpò ni. Kẹ̀kẹ́ ń dúró dè yín."

"Mo ti fi ọ̀kan sílẹ̀ báyìí rí," ni Bíríkìlà wí. "Ìkùukùu ṣì nípọn. Dì í mú."

Atẹ̀wé dì í mú. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lókè lórí okùn. Kò sí ọwọ́ kankan tó kù fún bẹ́líìtì. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ Bíríkìlà lórí iyanrìn lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ó sì yí ojú padà, ó ń wò ó. Ní ẹsẹ̀ karùn-ún, atẹ́gùn díẹ̀ fẹ́ láti orí odò, ìkùukùu náà là, oòrùn sì yọ sí Bíríkìlà láyà. Kò mọ̀. Ojú rẹ̀ òsì ti dì.

"Mú un wá sọ́tùn-ún díẹ̀."

Atẹ̀wé mú un wá sọ́tùn-ún. Ó yẹ kó pariwo. Ó mọ̀ pé ó yẹ kó pariwo, ẹnu rẹ̀ kò ṣí.

"Ó tọ́," ni Bíríkìlà wí.

Ìbọn ẹyọ kan ni. Bíríkìlà rọra jókòó, bí ẹni tí iṣẹ́ ti tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Àwọn méjì fi àyà fà lọ wọ́ ọ wá sísàlẹ̀, ó ti kú kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìwé ìsinmi wà nínú àpò àyà rẹ̀, lẹ́tà kẹta sì wà nínú fìlà. Atẹ̀wé ṣì di okùn mú. Ó ń wo òjé ìsàlẹ̀ rẹ̀, òjé náà kò mì rárá, ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé ọwọ́ òun kò gbọ̀n. Ó ń retí kó gbọ̀n. Sájẹ́ǹtì ló wá tú ìka rẹ̀ kúrò lára okùn náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò bá a wí. Ó kàn ń sọ pé ó ti tó, ó ti tó.

Kẹ̀kẹ́ ẹrù lọ. Kò sẹ́ni tó rántí gbé ẹrù Bíríkìlà kúrò nínú rẹ̀. Ẹrù rẹ̀ ló gba ìsinmi náà lọ.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, oníṣẹ́ kan dé pé ogun ńlá ti rí ibòmíràn tí odò náà ti fà, ibẹ̀ ni wọ́n á gbà kọjá, kí ọ̀wọ́ yìí dìde kúrò ní afárá. Kápítéènì ka ìwé náà, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó sì ní kí wọ́n di ẹrù. Nígbà tí wọ́n ń lọ, Atẹ̀wé bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Ògiri náà wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìrìn náà gba ọjọ́ mẹ́fà. Bàtà tó ń wò níwájú rẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó mọ̀.

Àlàáfíà dé lẹ́yìn oṣù méje, bí àlejò tí kò ránṣẹ́ ṣáájú. Wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní kí oníkálukú máa lọ. Títì ilé Atẹ̀wé ló kọ́kọ́ kan ọ̀nà rẹ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó kọ ẹ̀yìn sí títì, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Ó ti gbó sí i. Atẹ̀wé dúró ní ìsọdá títì níwọ̀nba ìgbà tí ìyá rẹ̀ fi ṣa òkúta mẹ́ta, ó sì kọjá lọ. Bó bá pè é, ìyá rẹ̀ á gbà á mọ́ra, bí wọ́n bá sì gbà á mọ́ra, kò tún ní lè lọ mọ́. Ó rìn fún wákàtí mẹ́rin sí i.

Ilé oníyàrá méjì ni, létí títì, tí wọn ò tíì kun. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Obìnrin kan ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì lórí tábìlì tí wọ́n tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì sí, ojú áyọ́ọ̀nù eléèédú kan ti jó sí igun rẹ̀. Ó rí aṣọ ogun. Ó gbé áyọ́ọ̀nù lé orí irin rẹ̀ kó má bàa jó aṣọ aláṣọ, lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ni Atẹ̀wé. Ẹ kú ewu."

Ó fún un ní àga àti omi. Atẹ̀wé yọ okùn ìwọ̀n náà nínú àpò, ó gbé e lé e lọ́wọ́, obìnrin náà sì tẹ́ ẹ sórí itan. Ó ní ẹrù ọkọ òun ti kọ́kọ́ dé, ìwé ìjọba sì dé lẹ́yìn ọjọ́ méjìlá. Fún ọjọ́ méjìlá náà, gbogbo àárọ̀ ni òun ń gbá iwájú ilé, torí ẹrù kì í ṣáájú olówó rẹ̀ jìnnà. Ó fọ aṣọ inú ẹrù náà, ó lọ̀ wọ́n. Wọ́n wà lórí pẹpẹ níbẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì méjì àti ṣòkòtò kan, wọ́n ká wọn dáadáa. Atẹ̀wé sọ bó ṣe kú fún un, kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ tó wà lórí okùn pa mọ́. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán, kò bú u.

"Mo fẹ́ bi yín ní ọ̀rọ̀ kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tàn mí," ni ó wí. "Ògiri yìí ò fì rí. Irọ́ ni mo pa. Ṣé pẹ̀lú ìrònú ògiri ló fi kú?"

"Ó mọ̀," ni Atẹ̀wé wí. "Nínú lẹ́tà kẹta, ẹ ní ó ti fì wọnú ilé. Ó ní kí n ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú ẹ̀. Ó ní ẹ ń pe òun ni."

Obìnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì orí tábìlì, bẹ́ẹ̀ ó ti tẹ́jú tẹ́lẹ̀.

"Ó sì ń bọ̀?"

"Ó ń bọ̀, ìyàwó wa. Ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ti wà lórí kẹ̀kẹ́."

Nígbà náà ló sunkún. Kò pẹ́, kò pariwo, ó fi etí aṣọ nu ojú rẹ̀. Atẹ̀wé wá omijé tirẹ̀, kò rí i. Ó ti ń wá a láti oṣù méje. Ó rò pé bóyá ìyẹn ni ogun gbà lọ́wọ́ òun dípò ẹsẹ̀ tàbí apá.

Obìnrin náà dìde, ó mú okùn, ó sì gbé àpótí tó máa ń gùn sá aṣọ jáde síwájú ilé. Ó ní, "Kò wo èyí. Ọkọ̀ ń fọn fèrè lọ́jọ́ náà. Ẹ bá mi wò ó." Ó gun àpótí, ó na ọwọ́ sókè, ó fi orí okùn mọ́ òkè ògiri, òjé náà sì sọ̀ kalẹ̀, ó yí díẹ̀, ó dúró.

Atẹ̀wé kọjú sí ògiri, ó fi ẹ̀yìn rìn. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Ní ẹsẹ̀ kẹrin, ọrùn rẹ̀ tutù. Ní ẹsẹ̀ karùn-ún, ó dúró, gbogbo ara rẹ̀ ń retí ìbọn. Ẹnì kan gun kẹ̀kẹ́ kọjá lẹ́yìn rẹ̀, ó lu aago kó lè yà fún un, kò sì ṣẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbé ẹsẹ̀ kẹfà. Ó gbé ìkeje. Ó di ojú òsì. Okùn àti ògiri jọ ń lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹyọ irun kan kò lè gba àárín wọn kọjá níbì kan kó má gbà á níbòmíràn.

"Ó tọ́ àbí kò tọ́?" ni obìnrin náà béèrè láì yíjú padà.

Èsì náà kúrú, ó sì mọ ẹni tó sọ ọ́ kẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó fi wọ́n sábẹ́ abíyá, wọ́n ń gbọ̀n níbẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ bá wọn gbọ̀n, omi sì dà wá sí ojú rẹ̀ tó dì àti èyí tó là.

"Ó tọ́," ni ó wí.

Obìnrin náà kò sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí. Ó ṣì di okùn náà mú síbẹ̀, òjé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò sì mì.